Obìnrin àti Àṣálẹ́: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Àmì Ìgbéyàwó Kan ti Ilẹ̀ Jàpáànì

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbangba fún àwọn ọmọ ìjọ àti àwọn àlejò wọn ní Èjìgbò

 

Àmì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sí ara pátákó, kí ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá lè rí i: 婚. Òun ni àmì tí àwọn ará Jàpáànì fi ń kọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa wí ní ọkàn rẹ̀ pé, Kí ni ó kan ọmọ Èjìgbò nínú ìwé ilẹ̀ Jàpáànì? Ìbéèrè náà tọ́, èmi kì yóò sì sá fún un. Bí a bá tú àmì yìí wò, a ó rí i pé àṣà kan ni ó fi pamọ́ sí inú ara rẹ̀, àṣà náà kò sì ṣàjèjì sí àwọn bàbá ńlá wa. A ó sì rí i pé ìbéèrè kan wà tí àmì náà kò dáhùn, èyí tí olúkúlùkù ilé tí ó ní ọmọbìnrin ní àgbègbè wa yìí ní láti dáhùn: Nígbà wo ni a gbọ́ ohùn ọmọ náà?

BÍ ÌWÉ WỌN TI YÀTỌ̀ SÍ TIWA

Ìwé tiwa, ohùn ni ó ń kọ sílẹ̀. Nígbà tí a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Samuel Ajayi Crowther jáde ní ọdún 1843, àti nígbà tí àwọn àgbà ìjọ pàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè wa, ohun tí wọ́n ń wá ni lẹ́tà tí yóò gbé ohùn ẹnu wa jáde láìṣìnà. Ìdí nìyí tí a fi fi àmì sí ìsàlẹ̀ ẹ àti ọ àti ṣ. Ọmọ tí ó bá ti mọ a, b, d lè ka "ìyàwó" jáde, bí kò tilẹ̀ tí ì mọ ohun tí a ń pè ní ìyàwó.

Ìwé àwọn ará Jàpáànì kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní lẹ́tà tí ń gbé ohùn nìkan, ṣùgbọ́n pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n ń lo àwọn àmì tí a ń pè ní kanji, tí wọ́n gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ní ohun tí ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ sẹ́yìn. Ìtumọ̀ ni kanji kọ́kọ́ ń gbé wá fún ẹni tí ó bá wò ó. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí mo bá kọ 6 sí ara pátákó, Yorùbá yóò pè é ní ẹ̀fà, Haúsá yóò pè é ní shida, àwọn ọmọ wa tí ó ti Àbíjàn dé yóò pè é ní sìs. Ahọ́n wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n iye kan náà ni ó wà ní ọkàn gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni 婚 rí. Ará Ṣáínà ń pè é ní hun, ará Jàpáànì ń pè é ní kon, àwọn méjèèjì sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ni.

Ní ọdún 2010 ìjọba ilẹ̀ Jàpáànì to 2,136 nínú irú àmì bẹ́ẹ̀ sí inú ìwé ìlànà kan, gẹ́gẹ́ bí èyí tí gbogbo ènìyàn ń lò. Ọmọ ilé-ìwé kì í kọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àmì obìnrin, 女, ni a ń kọ́ ọ ní ọdún kìíní. Àmì ilé, 家, ní ọdún kejì. Ṣùgbọ́n 婚 a máa dúró de ìgbà tí ọmọ náà bá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré. Ìgbà náà ni ó tó ní òye ohun tí ó ń kọ.

BÍ A TI Ń KỌ́ ÀMÌ NÁÀ

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ kanji kì í wò ó bí ẹni tí ń wo igbó dídí. A máa wò ó bí ẹni tí ń wo ilé, tí ó mọ èyí tí í ṣe ògiri àti èyí tí í ṣe òrùlé. Ẹ jẹ́ kí àwa náà wò ó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo apá òsì. 女 ni, obìnrin. Ní ayé àtijọ́, àwòrán obìnrin tí ó kúnlẹ̀ tí ó sì ká ọwọ́ sí iwájú ni. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kúnlẹ̀ gba ìre ní ọjọ́ ìgbéyàwó yín yóò tètè dá a mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a ń fa kálàmù kí ó tó parí. Ẹ wá wo apá ọ̀tún, 昏. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àṣálẹ́, ìgbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Àmì oòrùn, 日, wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ẹni pé oòrùn ti rẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni a ń fa kálàmù fún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá. Apá òsì ni a ń kọ ṣáájú apá ọ̀tún, òkè ṣáájú ìsàlẹ̀. Olùkọ́ kì í jẹ́ kí ọmọ da ètò yìí rú, nítorí ọwọ́ tí ó bá mọ ètò kì í tètè gbàgbé.

Lẹ́yìn èyí ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí àmì náà ń gbé inú wọn. Bí àmì ìlérí bá tẹ̀lé e, ó di kon'yaku, àdéhùn ìgbéyàwó. Bí àmì tuntun bá ṣáájú rẹ̀, ó di shinkon, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di tọkọtaya. Bí àmì ìpínyà bá sì ṣáájú rẹ̀, ó di rikon, ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé àmì kan náà ni ó wà nínú ayọ̀ tí ó sì wà nínú ìbànújẹ́. Ohun tí a bá fi ṣáájú rẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí yóò já sí.

ÌDÍ TÍ OBÌNRIN FI DÚRÓ LẸ́GBẸ̀Ẹ́ ÀṢÁLẸ́

Kí ni obìnrin àti àṣálẹ́ jọ ń ṣe nínú àmì kan? Ìdáhùn méjì ni ó wà.

Èkíní ni ti ohùn. Ní ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́, orúkọ tí a ń pe àṣálẹ́ àti orúkọ tí a ń pe ìgbéyàwó dún bákan náà. Nítorí náà apá ọ̀tún ń sọ fún òǹkàwé bí yóò ti pe ọ̀rọ̀ náà, apá òsì sì ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí ó kan obìnrin ni. Púpọ̀ nínú kanji ni a mọ báyìí, ẹ̀yà kan fún ìtumọ̀, ẹ̀yà kejì fún ohùn.

Èkejì ni ti àṣà. Nínú ìwé ìlànà àwọn ará Ṣáínà àtijọ́, nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú ni ọkọ ìyàwó ń jáde lọ mú ìyàwó rẹ̀ wá sí ilé. Ọ̀mọ̀wé kan tí a ń pè ní Xu Shen, tí ó ṣe àkójọ ìtumọ̀ àwọn àmì ní nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àṣálẹ́ ni ó tọ́ kí a gbé ìyàwó, ó sì fi èyí ṣe àlàyé àmì náà.

Ẹ̀yin tí ń ka Ìwé Mímọ́ kì yóò ya ẹnu sí èyí. Àṣálẹ́ ni Ísáákì wà ní pápá nígbà tí ó gbé ojú sókè tí ó rí àwọn ràkúnmí tí ń bọ̀, tí Rèbékà sì fi ìbòjú bo ara rẹ̀. Ọ̀gànjọ́ òru ni igbe ta pé ọkọ ìyàwó ń bọ̀, nínú òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá. Àṣálẹ́ pẹ̀lú ni Lábánì mú Léà wọlé tọ Jákọ́bù lọ ní ipò Rákélì, tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni Jákọ́bù tó mọ ẹni tí a fi fún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Rèbékà àti ọ̀rọ̀ Léà yìí sí ọkàn, nítorí a ó tún padà sí ọ̀dọ̀ wọn.

ÀṢÁLẸ́ TIWA

Àwa ńkọ́? Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, òru ni a ń sin ìyàwó lọ sí ilé ọkọ. A ó fi aṣọ bò ó lójú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò yí i ká pẹ̀lú orin àti ìlù, a ó sì fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ kí ó tó wọlé. Bí ará Ṣáínà àtijọ́ kan bá dúró ní ìgboro Èjìgbò ní irú òru bẹ́ẹ̀, kì bá tí nílò ògbufọ̀. Obìnrin nìyí, àṣálẹ́ nìyí. Ohun tí wọ́n ń kọ sí inú ìwé ní ìlú rẹ̀ ni ó ń kọjá lọ níwájú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní ọ̀dọ̀ tiwa tí kò sí nínú àmì náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn ìyàwó ti kún ìgboro. Láàrin àwa tí a jẹ́ èdè Ọ̀yọ́, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń lọ sí ilé ọkọ a máa lọ láti agbo-ilé dé agbo-ilé, a máa sun ẹkún ìyàwó. A máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀ fún ìtọ́jú, a máa ki oríkì ìran rẹ̀, a máa sọ ẹ̀rù tí ń bà á nípa ilé tí ó ń lọ, a sì máa tọrọ ìre lọ́wọ́ àgbà. Ní ọjọ́ náà, àwọn tí kì í jẹ́ kí ọmọdé sọ̀rọ̀ níwájú wọn yóò dákẹ́, wọn yóò sì tẹ́tí sí ọmọbìnrin kan.

Ọ̀rọ̀ náà "ìyàwó" pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà kò sì jìnnà sí wa, nítorí ìlú Ìwó, aládùúgbò wa, ni a gbé e kà. Àwọn àgbà ní Ọ̀rúnmìlà lọ fẹ́ ọmọ ọba Ìwó. Ọmọbìnrin náà fi onírúurú ìyà dán sùúrù rẹ̀ wò, ó sì fara dà á títí a fi fi í fún un. Nígbà tí ó dé ilé, tí wọ́n béèrè bí ó ti rí aya yìí, ó ní ìyà tí òun jẹ ní Ìwó nìyí. Láti ibẹ̀ ni a ti ń pè é ní ìyà-Ìwó. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, bóyá àwọn àgbà ni ó fi ìtàn wọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Nínú ìtàn yìí, ọkùnrin ni a ń dán wò, obìnrin ni ó sì ń dán an wò. Ọmọ ọba náà mọ ẹni tí ó fẹ́ tẹ̀lé kí ó tó tẹ̀lé e.

Ẹ̀FÀ ÀTI Ẹ̀JỌ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé àwọn bàbá wa kò ní àmì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ kí ìwé tó dé. Wọ́n ní àrokò. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1887 a tẹ ìròyìn kan jáde ní London nípa àrokò àwọn ará Ìjẹ̀bú, ó sì sọ̀rọ̀ nípa owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀. Ẹ̀fà ni mẹ́fà, ẹ̀fà sì ń ránni létí fífà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá rí wúńdíá tí ó wù ú lè fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí i, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, Ọkàn mi fà sí ọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wọ ọmọbìnrin náà létí, a fi owó ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn. Ẹ̀jọ ni mẹ́jọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé, Èrò wa jọ.

Ẹ wo bí ọgbọ́n ènìyàn ti jọra káàkiri ayé. Ará Ṣáínà mú ọ̀rọ̀ àṣálẹ́ nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó; Yorùbá mú iye owó ẹyọ nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì gbà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó tóbi. Kanji jẹ́ ọ̀kan, ó sì pé. Àrokò yìí jẹ́ méjì, ọ̀kan ń béèrè, èkejì ń dáhùn. Ẹni tí ó fi mẹ́fà ránṣẹ́ tí kò rí mẹ́jọ gbà, kò tí ì ní ìyàwó.

ÌṢÍHÙN

Nísinsin yìí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Nínú ètò ìgbéyàwó wa, lẹ́yìn tí alárinà bá ti rìn, tí àwọn ará ilé sì ti wádìí ara wọn, kí a tó dé orí ìdána, ìgbésẹ̀ kan wà tí a ń pè ní ìṣíhùn. Àwọn ẹlòmíràn ń pè é ní ìjọ́hẹn. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì dáadáa. Ọ̀kan ni ṣíṣí ohùn, èkejì ni jíjẹ́ hẹn. Owó wà nínú ìgbésẹ̀ náà, iṣu àti obì sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò fi orúkọ owó tàbí iṣu tàbí obì pè é. Ohùn ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ fún ara wa. Ní ayé àtijọ́, a máa ń fẹ́ ọmọbìnrin sílẹ̀ fún ọkọ kí ó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òsì. Bàbá rẹ̀ ni ó ń ṣí ohùn ní ipò rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá dàgbà, tí ó sì wí pé òun kò fẹ́, a ó ní aláìgbọràn ni, a ó ní ó fẹ́ dójú ti ilé, nítorí a ti jẹ iṣu àna, a sì ti lo ọwọ́ àna lóko. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ìṣíhùn dúró, ṣùgbọ́n ohùn tí a ṣí kì í ṣe ohùn ẹni tí ń lọ sí ilé ọkọ.

Ẹ padà sí ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin méjì tí mo ní kí ẹ fi sí ọkàn. Nígbà tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù fẹ́ mú Rèbékà lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ pe ọmọ náà, wọ́n bi í léèrè bí yóò bá ọkùnrin náà lọ, òun fúnra rẹ̀ sì dáhùn pé òun yóò lọ. Òwúrọ̀ ni èyí. Àṣálẹ́ ni ó sì dé ọ̀dọ̀ Ísáákì. Ní ti Léà, a kò kà á níbì kankan pé Lábánì bi í léèrè ohunkóhun. Àṣálẹ́ nìkan ni a kà nípa ìgbéyàwó tirẹ̀. Ẹ sì mọ irú ìgbé ayé tí ó jáde láti inú rẹ̀, ọ̀fọ̀ ọkàn fún arábìnrin méjì, àti owú láàrin àwọn ọmọ wọn. Àṣálẹ́ kò ṣe ibi fún Rèbékà, nítorí pé a ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òwúrọ̀.

ÀMÌ KÒ YÍ PADÀ, ṢÙGBỌ́N ÒFIN YÍ PADÀ

Ẹlòmíràn lè wí pé àṣà ni àṣà, pé ohun tí a bá ní ayé a kò lè yí i. Ẹ wo àwọn ará Jàpáànì. Wọ́n ní àmì mìíràn, 嫁, tí wọ́n fi ń kọ ìyàwó ilé. Obìnrin ni ó wà ní apá òsì, ilé sì wà ní apá ọ̀tún. Àmì náà bá òfin wọn àtijọ́ mu. Lábẹ́ ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1898, olórí ilé kan wà fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni nínú ilé náà kò sì gbọdọ̀ gbéyàwó láìgba àṣẹ rẹ̀. Ọkùnrin tí kò tí ì pé ọdún 30 àti obìnrin tí kò tí ì pé ọdún 25 ní láti gba àṣẹ òbí pẹ̀lú. Ilé ni ó ń gba obìnrin sí inú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun ńlá kejì, wọ́n ṣe ìwé òfin ìpìlẹ̀ tuntun, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ọdún 1947. Ẹsẹ 24 rẹ̀ fi ìgbéyàwó lé orí ìfẹnukò ọkùnrin àti obìnrin náà nìkan, ó sì fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀tọ́ ọgbọọgba. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1948, agbára olórí ilé lórí ìgbéyàwó dópin nínú òfin. Kì í ṣe pé gbogbo àríyànjiyàn parí. Ní ọdún 2015 àti ní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn ṣì dá ẹjọ́ lórí òfin tí ó ní kí tọkọtaya máa jẹ́ orúkọ ìdílé kan ṣoṣo, ó sì fi ọwọ́ sí òfin náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara pátákó. 婚 kò yí padà, 嫁 kò yí padà. Wọn kò nílò láti pa àmì àwọn bàbá wọn rẹ́ kí wọ́n tó lè tún ohun tí kò tọ́ ṣe.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn wọn tí ó súnmọ́ wa gidigidi. Àwọn ọkùnrin Jàpáànì púpọ̀ ti lọ ṣe làálàá ní oko ìrèké ní Hawaii àti ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Owó ọkọ̀ òkun pọ̀ ju kí wọ́n padà wá sí ilé wá aya lọ. Nítorí náà, láàrin ọdún 1908 àti 1920, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ilé. Alárinà, tí àwọn náà ní, tí wọ́n ń pè ní nakōdo, yóò gbé fọ́tò ọkùnrin fún ìdílé obìnrin, yóò sì gbé ti obìnrin fún ìdílé ọkùnrin. Bí ilé méjèèjì bá gbà, a ó kọ orúkọ obìnrin náà sí inú ìwé ìdílé ọkọ, ó di aya nìyẹn, nígbà tí wọn kò tí ì fi ojú kan ara wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyàwó fọ́tò wọ̀nyí sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ pẹ̀lú fọ́tò lọ́wọ́, wọ́n ń wá ojú tí ó jọ ọ́. Àwọn kan bá ọkùnrin tí ó ti dàgbà ju fọ́tò rẹ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ wọn forí tì í, wọ́n sì kọ́ ilé tí ó dúró. Síbẹ̀ ní ọdún 1920 ìjọba Jàpáànì fi òpin sí fífún irú àwọn ìyàwó bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìrìnnà lọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ará Èjìgbò, ṣé ìtàn àjèjì nìyí? Láti ìgbà àwọn bàbá wa ni àwọn ọmọ ìlú yìí ti ń rìn lọ sí Àbíjàn àti sí àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, títí tí èdè Faransé fi di ohun tí a ń gbọ́ ní ọjà wa. Ìrìnàjò náà ti kọ́ ilé, ó ti rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ó tún mú kí ó rọrùn fún ọkùnrin láti jókòó sí ọ̀nà jíjìn, kí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ilé pé kí a bá òun wá aya, kí a sì fi ọmọ ọlọ́mọ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ̀, ní ìlú tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Fọ́tò dára, tẹlifóònù sì dára jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àwòrán inú wọn lè jẹ́ àṣálẹ́ mìíràn, tí kì í jẹ́ kí a rí ojú dáadáa.

ÀMÌ TÍ Ó ṢÁÁJÚ

Àmì kan kù tí mo fẹ́ kọ kí n tó jókòó. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àwọn ará Jàpáànì kì í sábà lo 婚 ní òun nìkan. Kekkon ni wọ́n ń pe ìgbéyàwó, bí wọ́n sì ti ń kọ ọ́ nìyí: 結婚. Àmì tí ó ṣáájú, 結, òwú ni ó wà ní apá òsì rẹ̀, ire sì wà ní apá ọ̀tún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni síso. Àwa náà ń sọ pé a so yìgì. Ní ìjọ a ń sọ pé a so wọ́n pọ̀. Nítorí náà síso ni ó ṣáájú, àṣálẹ́ ni ó tẹ̀lé e. Orí okùn méjì ni a sì ń mú kí a tó lè ta kókó. Bí ọ̀kan bá wà lọ́wọ́ wa, tí a kò sì mọ ibi tí èkejì wà, kí ni a so?

Mo bẹ̀ yín nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́ta lọ sí ilé.

Èkíní, ẹ̀yin òbí, ẹ bi ọmọbìnrin yín léèrè ní ọ̀sán gangan, kí ẹ tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ àna. Ẹ má ṣe bi í níwájú àlejò, níbi tí ìtìjú yóò ti dá a lóhùn ní ipò rẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ tàbí àǹtí rẹ̀ tí ó fọkàn tán pè é sí kọ̀rọ̀. Bí ó bá ní òun kò fẹ́, ẹ gbà á bí ìdáhùn, ẹ má ṣe kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Bí kò bá sì tí ì dàgbà tó láti dáhùn, kò tí ì dàgbà tó láti lọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a ṣe ní ọdún 2003, kò gbà kí ẹni tí kò tí ì pé ọdún 18 ṣe ìgbéyàwó.

Èkejì, ẹ̀yin ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń bẹ ní ìdálẹ̀, ẹ wá fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin náà rí ojú yín, kí ó béèrè irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, irú ilé tí ẹ ń gbé, àti bóyá obìnrin mìíràn wà níbẹ̀. Alárinà ní ipò tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá. Ẹ̀yin méjèèjì ni yóò kù nínú ilé.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́mọbìnrin, ẹ kọ́ ìwé. Ìwé ìgbéyàwó tí ẹ ó fi ọwọ́ sí lè jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè jẹ́ ti èdè Faransé. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ sí ohun tí ẹ kò kà. Bí ẹ kò bá gbọ́ èdè náà, ẹ ní kí ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀lé túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní èdè Yorùbá kí ẹ tó mú kálàmù. Ọmọ Jàpáànì ń fa kálàmù ní ìgbà mọ́kànlá kí ó tó lè kọ àmì kan yìí, kì í sì í fi ìkánjú ṣe é. Orúkọ tiyín tí ẹ ó kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà kò yẹ kí ó ní ìrònú tí ó kéré ju ìyẹn lọ.

 Èmi yóò fi àmì náà sílẹ̀ lórí pátákó, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè wá wò ó kọ kí a tó pa á rẹ́. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ó jẹ́ lọ́wọ́ yín ní ilé, ẹ sọ ti obìnrin àti ti àṣálẹ́ fún wọn, kí ẹ sì sọ ti ìṣíhùn pẹ̀lú.